Ẹ̀wù Olùṣọ́ Létí Ọ̀sà Ìjẹ̀dé

Èèrà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé irọ́ ni ẹ̀wù yẹn ń pa.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, létí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dé. Rídwàn apẹja ló rí i nígbà tó fẹ́ lọ na àwọ̀n rẹ̀: sútánà funfun kan tí wọ́n ká dáadáa, Bíbélì lórí rẹ̀, sálúbàtà aláwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan pé síbẹ̀, àfi ẹni tó ni wọ́n. Kí àwa ọlọ́pàá tó ti Ìkòròdú débẹ̀, èrò ti pé bí omi, àwọn aláṣọ funfun ìjọ Òkè Àánú sì ti ń wa ẹkún mu.

Kúbúrátù lorúkọ mi. Insípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni mí, ọmọ Ẹ̀pẹ́, mùsùlùmí, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan kan bù mí jẹ kí n tó jẹun àárọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé apá ẹ̀wù náà sókè. Yéè! Èèrà ti bo apá ọ̀tún rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, mẹ́ta sì ti wà lọ́wọ́ mi.

Sájẹ́ǹtì Tìrìmísíyù rẹ́rìn-ín. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, èmi sì jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà mo máa ń kí i bí ẹ̀gbọ́n, mo sì máa ń pàṣẹ fún un bí ọ̀gá.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ fi ẹ̀rín yẹn sílẹ̀. Ṣé òjò rọ̀ lánàá àbí kò rọ̀?"

"Ó rọ̀, mà. Láti ìrọ̀lẹ́ ni. Ó tún wọnú yàrá mi ní bárékè."

"Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀wù yìí."

Ó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó gbẹ, mà. Sítáàṣì ṣì wà lára ẹ̀."

Ẹni tó ni ẹ̀wù náà, Olùṣọ́ Bólúwají Fábíyìí, Ọjọ́rú ló ti sọnù. Ọmọ Ọ̀ṣun tó wá gbé Ìjẹ̀dé ni, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ Òkè Àánú níbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún un, torí àwọn àgbà ìjọ ti ní kó lọ máa ṣọ́ agbo wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni Ẹ̀pẹ́ máa gbà á wọlé. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti ibí, tí kì í ṣe ti ọ̀hún, ni ilẹ̀ gbé e mì.

"Omi ló gbé Bàbá lọ o!" obìnrin kan ń ké. "Wọ́n wá gbàdúrà, omi gbé wọn lọ!"

Omi wo? Nídìí agbọ̀n ẹja ni ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó bá rì sí ọ̀sà yìí ní Ọjọ́rú, ọ̀sà á ti gbé e léfòó kó tó di Ẹtì, Rídwàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì ti rí i. Ẹ̀wù tó bá ti wà níbẹ̀ láti Ọjọ́rú, òjò àná á ti sọ ọ́ di àkísà. Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹni tí nǹkan dídùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni yẹn mọ ibi tí ọkùnrin náà wà.

*

Nílé Olùṣọ́, páálí kún pálọ̀, wọ́n ti fi bírò kọ Ẹ̀PẸ́ sára wọn. Bùnmi, ìyàwó rẹ̀, jókòó sórí ọ̀kan bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé láti kó.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀wù wọn nìyí?"

Ó yí ọrùn ẹ̀wù náà síta, ó fi ìka tọ́ òwú búlúù kan tí wọ́n fi kọ lẹ́tà méjì síbẹ̀. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀. Tiwọn ni."

"Sálúbàtà ńkọ́?"

"Òun ni wọ́n wọ̀ jáde ní Ọjọ́rú, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Bùbá àti ṣòkòtò àdìrẹ ló wà lọ́rùn wọn, wọ́n gbé báàgì kékeré kan. Wọ́n ní àwọn ń lọ gbàdúrà fún ẹnì kan, àwọn ò ní pẹ́."

"Ta lẹni náà?"

"Wọn kì í dárúkọ ẹni tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ wọn, wọn ò sọ ọ́ rí."

Mo ní ó dáa, a jẹ́ pé inú báàgì yẹn ni ẹ̀wù wà. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bùnmi wo Sájẹ́ǹtì, ó tún wò mí. Mo fojú sọ fún Sájẹ́ǹtì pé kó lọ wo ìta. Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó ṣí fíríìjì, ó sì mú páálí kékeré kan jáde. Ìgò abẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

"Ìtọ̀ ṣúgà," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè. "Ọdún kẹsàn-án rèé. Àárọ̀, ìrọ̀lẹ́, èmi ni mò ń fún wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ìjọ."

"Kò sẹ́nì kankan?"

"Àǹtí, ẹni tó ń gbàdúrà kí arọ ó dìde! Báwo ni wọ́n ṣe máa sọ pé ara àwọn ò yá? Tí ìjọ bá gbààwẹ̀, oyin la fi ń ṣínu. Ọkọ mi á gbé e sẹ́nu níwájú wọn, á rẹ́rìn-ín, á sì lọ tu ú dànù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Tí wọn ò bá rí abẹ́rẹ́ gbà, ọjọ́ mélòó ni?"

"Dókítà ní tó bá ti lé ní ọjọ́ mẹ́ta..." Ó bo ojú rẹ̀. Mo ka Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. "Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí wọn láàyè, ẹ má jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo ti kábàámọ̀ rẹ̀.

*

Gbogbo ẹni tí mo bi ní ìbéèrè ní Ìjẹ̀dé ló sọ pé kí n lọ rí Ìyá Ìjọ. Màmá Ajíbọ́lá ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n ti pé àádọ́rin ọdún, wọ́n ga, ẹ̀yìn wọn sì nà ju tèmi lọ. Ọmọbìnrin kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní pálọ̀ wọn, ojú rẹ̀ pọ́n bí iyeyè, ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ọmọ ọmọ mi ni, Ẹwàolúwa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ó ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì lójú mi. Èyí náà ì bá ti lọ, àfi ìgbà tí Olùṣọ́ dé Ìjẹ̀dé. Tí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ lé e lórí, á dìde jókòó, á béèrè oúnjẹ."

"Ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn, Màmá?"

"Ọjọ́ Ìsinmi, níbi ìdágbére. Láti ìgbà náà, mi ò fojú kàn wọ́n mọ́."

"Ta lẹ rò pé wọ́n lọ gbàdúrà fún ní Ọjọ́rú?"

"Ọlọ́run ló mọ̀." Wọ́n ṣe àmì àgbélébùú. "Mo ti kéde ààwẹ̀ fún gbogbo ìjọ títí di àṣálẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi. A ò ní fi nǹkan kan kan ẹnu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tèmi, ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ ò bá lọ wo Ẹ̀pẹ́. Alàgbà Ọláògún ló ti ń darí agbo ọ̀hún láti ọdún méjì. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wá jókòó lórí òun."

Ojú wọn gbẹ ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan fún mi nígbà yẹn. Àgbà míì wà tí kì í sunkún níwájú àlejò. Mo dúpẹ́. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé Olùṣọ́ ń ṣàìsàn. Mo rántí ìlérí mi. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

*

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta a gba Ìtòíkin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Alàgbà Ọláògún ń kan ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ nígbà tá a bá a, kò sì dá òòlù dúró nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ kí Olùṣọ́ Fábíyìí wá síbí."

"Wọn ò purọ́."

Sájẹ́ǹtì wò mí. Ojú rẹ̀ ti ń tàn, ó ti fẹ́ mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Níbo lẹ wà ní Ọjọ́rú?"

"Ibí. Ọjọ́bọ̀, ibí. Àná, ibí. Alhaji Ùsámà ló ni ọkọ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n."

Bàbá kan tó fi ẹ̀yìn ti igi àgbọn gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Kò kúrò lójú mi, ọmọ mi. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ, torí ó ti fi iṣẹ́ mi falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má gbé e lọ kó tó kàn án tán o."

Ọláògún ju òòlù sílẹ̀. "Mo bínú, Mọ́mì! Ọdún méjì ni mo fi ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì yìí, tí mo fi ń lu agogo, tí mo fi ń sin òkú wọn. Ta ni kò ní bínú? Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí mo fi ìbínú mi ṣe."

Ó mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé sútánà tuntun kan jáde nínú ọ̀rá. "Mo pè é lórí fóònù ní ọjọ́ Ajé. Mo ní kó sọ gígùn apá rẹ̀ fún mi. Èmi ni mo dúró ti télọ̀ tó fi rán an."

"Ṣé wọn ò ní ti ara wọn ni?"

Alàgbà wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí ò kan àwọn ọmọ ìjọ. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ò mọ̀ ọ́n. Olùṣọ́ wa kì í gbé ẹ̀wù láti agbo kan lọ sí òmíràn. Tí ìsìn ìdágbére bá ti parí, á wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì tì í mọ́nú àpótí. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni kò ní fi wọ sútánà. Lọ́jọ́ keje ni agbo tuntun á wọ tuntun fún un."

Mo dìde dúró láìmọ̀. "Ẹ tún un sọ, sà."

Ó tún un sọ.

"Tí ọjọ́ keje bá kọjá tí wọn ò tíì wọ̀ ọ́ fún un ńkọ́?"

"A jẹ́ pé Ọlọ́run ò fọwọ́ sí i kó wá. Á padà síbi tó ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ parí."

"Ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí náà?"

"Ìyá Ìjọ," ni Alàgbà Ọláògún wí.

*

Nínú mọ́tò, Sájẹ́ǹtì ò tíì rí i. Mo sọ ọ́ síta kí èmi náà lè fetí ara mi gbọ́ ọ.

"Ẹ̀wù ti inú àpótí wá. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló mú un jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Sálúbàtà ti ẹsẹ̀ Olùṣọ́ wá. Ẹni tó bá a wà lẹ́yìn tó kúrò nílé ní Ọjọ́rú ló ní in lọ́wọ́. Méjèèjì bá ara wọn lórí iyanrìn kan náà. Èmi tí mo jẹ́ mùsùlùmí gan-an mọ̀ pé aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí sútánà. Kí ló wá gbé sálúbàtà débẹ̀? Ẹnì kan fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ dá a mọ̀, kó lè gbà pé ọkọ òun ti kú."

Sájẹ́ǹtì la ẹnu. "Màmá arúgbó yẹn? Àwọn tó ní àwọn ò rí i láti Ọjọ́ Ìsinmi?"

"Wọn ò fẹ́ pa á, Sájẹ́ǹtì. Wọ́n fẹ́ tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ títí ọjọ́ keje á fi kọjá. Tó bá padà yọ lọ́jọ́ Ajé, á jẹ́ pé Ẹ̀mí ló gbé e lọ. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìjọ yẹn?"

"Èèrà wá ńkọ́, mà?"

Ìjọ tó ń fi oyin ṣínu. Ìyá arúgbó tó fẹ́ràn Olùṣọ́ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, tó fẹ́ kí ara Olùṣọ́ le dọ́la. Kí ni wọ́n máa fún un?

"Ẹ tẹ mọ́tò yìí, Sájẹ́ǹtì! Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má wojú mi!"

*

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tá a rí Ìyá Ìjọ lójú ọ̀nà oko wọn ní Ìjẹ̀dé, wọ́n gbé agbọ̀n sórí. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, torí àgbà ni wọ́n, mo sì dìde di agbọ̀n náà mú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ìgò oyin kan tí wọ́n fi ewé dí lẹ́nu. Oyin ti ń ṣàn sí ara agbọ̀n.

"Màmá, ṣebí gbogbo ìjọ ń gbààwẹ̀? Ẹ ò fi nǹkan kan ẹnu. Ẹwàolúwa wà nílé. Ta lẹ ń gbé eléyìí lọ fún?"

Èèrà kan ń rìn lórí ọwọ́ wọn, wọn ò gbọ̀n ọ́n dànù.

"Ẹ fún mi di ọ̀la nìkan," ni wọ́n wá wí. "Ọjọ́ kan péré ló kù, ọmọ mi. Tó bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Ẹwàolúwa á kú. Mo ti sin méjì. Mi ò lè sin ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo pè é wá gbàdúrà lábà oko mi ní Ọjọ́rú, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àmọ́ mi ò fìyà jẹ ẹ́, mò ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Oyin ni mo fi ń ró o lágbára."

"Ṣé ó ń mu ún?"

"Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n láti àná òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an. Oyin tí mo fi omi àdúrà pò, ó mu ìgò kan tán lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo ti ń sáré kí n tó mọ̀.

Abà náà wà nínú oko ẹ̀gẹ́, ó ní wíńdò kékeré kan, wọ́n sì fi irin dábùú ilẹ̀kùn rẹ̀. Sájẹ́ǹtì yọ irin náà. Olùṣọ́ Fábíyìí dùbúlẹ̀ sórí ẹní tuntun, ìrọ̀rí funfun wà lábẹ́ orí rẹ̀, bùbá àdìrẹ rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ó ń mí lókè lókè, òórùn ẹnu rẹ̀ dà bí èso tó ti rà. Mo pè é títí, kò dáhùn. Ìgò òfìfo mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èèrà sì ti la ọ̀nà láti ara ògiri wá síbẹ̀.

Ìyá Ìjọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń mí hẹlẹ. "Kí ló ṣe é? Kí lẹ fi ṣe é?"

"Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é, Màmá. Láti ọdún mẹ́sàn-án."

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Irọ́ ni. Olùṣọ́? Irọ́ ni!" Wọ́n wo ìgò kìíní, wọ́n wo ìkejì. "Mo dúró lójú wíńdò yìí lánàá. Mo ní, Bàbá, kí lẹ fẹ́? Ṣé ara ń ro yín? Ó ní kò sí nǹkan. Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ọwọ́ ara mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bu ú fún un..."

Wọ́n jókòó sí ilẹ̀, ẹkún tí mi ò rí lójú wọn láti àná sì dé. Mi ò lè bá wọn wí. Ìgò tó gbẹ̀yìn yẹn, ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ló wọ inú Olùṣọ́, lẹ́yìn tí mo ti jókòó ní pálọ̀ wọn tí mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ká ní mo sọ gbólóhùn kan péré! Èmi àti Sájẹ́ǹtì gbé e wọ mọ́tò, mo sì ń bínú sí ara mi títí a fi dé ọsibítù ní Ìkòròdú.

*

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi ló tó la ojú. Omi ń kán lọ sí apá rẹ̀. Bùnmi di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, ojú obìnrin náà ti wú fún àìsùn. Ìyá Ìjọ wà ní tééṣàn wa, lẹ́yìn káńtà, wọn ò jẹun, wọn ò sọ̀rọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, sútánà tuntun wà nínú ọ̀rá rẹ̀, oòrùn ọjọ́ keje sì ti ń yí sápá kejì.

Mo rò pé á béèrè ibi tó wà. Mo rò pé á pe Ọlọ́run.

"Ta ló ti mọ̀?" ni Olùṣọ́ béèrè.

"Èmi, Sájẹ́ǹtì mi, àti Ìyá Ìjọ," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ẹ wà nínú abà, ikú wà lẹ́nu yín, ẹ ṣì ń sọ pé kò sí nǹkan. Bàbá, kí lẹ̀ ń tọ́jú pa mọ́ tó ju ẹ̀mí yín lọ?"

Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́."

Nọ́ọ̀sì kan yọjú. "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn aláṣọ funfun kan ti kún ìta o, wọn ò wọ bàtà. Ọmọbìnrin kan tó tín-ín-rín ló ṣíwájú wọn, ó ní Ẹwàolúwa lòun ń jẹ́. Wọ́n ní àwọn gbé oyin wá fún Bàbá, kí wọ́n fi ṣínu. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ wọn?"

Bùnmi fọwọ́ bo ẹnu. Mo ti dìde láti lọ lé gbogbo wọn padà sí Ìjẹ̀dé, ìbínú mi ti dé góńgó.

"Ẹ má lé wọn," ni Olùṣọ́ wí. Ó yí ojú padà, ó wo ẹnu ọ̀nà náà títí, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹ ní kí wọ́n wọlé. Bùnmi, kó àwọn abẹ́rẹ́ mi sórí tábìlì, síbi tí gbogbo wọn á ti rí i."